Ìyá Fèrè Kọ Ẹ̀yìn sí Ọ̀gá Àgbà

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí, kó kọ́kọ́ fara balẹ̀ gbọ́ orúkọ oyè tó wà nínú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti kọ ìwé àforíjì torí pé wọ́n gé e kúrú. Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìtọ́jú Ojú Irin, Alábòójútó Ìrìnnà Aláìléwu, Baba Gbogbo Òṣìṣẹ́ Tó Di Ọ̀pá Irin Mú. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan, á tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Níjọ́ kan, òṣìṣẹ́ kan sáré wọ ọ́fíìsì láti sọ fún un pé iná ń jó yàrá ìkẹ́rùsí. Nígbà tó fi máa ki oyè náà délẹ̀, iná ti jó yàrá náà tán, ó ti kú fúnra rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà ní kò burú, ó kéré tán, ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́.

Láti ọjọ́ tó ti dé ipò, kò fọwọ́ kan irin rí, àfi irin ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. Ìyẹn náà, awakọ̀ ló sábà máa ń ṣí i. Ibi yòówù tó bá ń lọ, Akọ̀wé rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e ní ìdajì ìṣísẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń di aṣọ ìnujú mẹ́ta dání: ọ̀kan fún òógùn ọ̀gá, ọ̀kan fún eruku bàtà ọ̀gá, ọ̀kan fún omijé tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá bá mú wá sójú òun Akọ̀wé fúnra rẹ̀.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa da gbogbo èyí rú kò ní oyè kankan. Ìyá Fèrè ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun bí wọ́n ṣe ń tún irin tò. Ibi tó ti ń kọ́ wọn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí ibùdókọ̀, lójú ọ̀nà gan-an tí reluwé ń gbà, nítorí ó gbà pé ẹni tó bá kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, omi ni yóò tún un kọ́.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Irin a máa gùn nígbà oòrùn, a sì máa súnkì nígbà òtútù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dá àlàfo tóóró sí àárín irin kan àti èkejì. Bí reluwé bá ti ń gun orí rẹ̀ lọ́dọọdún, irin á máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àlàfo kan á dí pa, òmíràn á ya ẹnu. Àwọn òṣìṣẹ́ á tú bóótì, wọn á fi jáàkì gbé irin náà sókè díẹ̀, wọn á fi ọ̀pá tì í padà sí àyè rẹ̀, wọn á tún un dè. Láàárín ìgbà tí wọ́n tú u àti ìgbà tí wọ́n dè é, kò sí ọ̀nà níbẹ̀ mọ́. Irin lásán ló wà níbẹ̀, àti ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, tí wọn kò lè wo iwájú, tí wọn kò lè wo ẹ̀yìn. Ẹnì kan ló ń wò fún wọn.

Nítorí náà, Ìyá Fèrè kì í kọjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Á dúró ṣánṣán, á kọ ẹ̀yìn sí wọn, á tẹjú mọ́ ibi tí irin méjèèjì ti pàdé lọ́ọ̀ọ́kán, á sì máa kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ ẹ̀yìn rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ.

"Tẹ́ẹ́rẹ́, yọ ìka rẹ kúrò nínú àlàfo yẹn."

Tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga tó sì gbẹ bí ọ̀pá àsíá, á yọ ìka kíá. "Màmá, ṣé ojú wà ní ìpàkọ́ yín ni?"

"Etí ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ mẹ́sàn-án ni mò ń gbọ́ lórí ọ̀pá. Ọwọ́ kẹwàá, mi ò gbọ́ ọ."

Ọkọ Ìyá Fèrè ti fi ọdún mọ́kànlélógún ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, ẹni tó ń ṣọ́nà fún un yíjú padà láti bẹ́rí fún ọ̀gá kan tó ń kọjá lọ. Kò ju ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń gbọ́wọ́ sókè, tó fi ń sọ ọ́ kalẹ̀, reluwé sì ti gba orí ọkọ rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kejì, ẹni náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé fèrè rẹ̀ sórí tábìlì ní ọ́fíìsì, fèrè náà sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mú un. Ìyá Fèrè, tí wọn kò tíì máa pè bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ló lọ mú un.

Ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá Àgbà wá pàdé rẹ̀.

Ó dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́rin, láti wá wo "àwọn ọmọ òun." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló kọjú sí i, tó rẹ́rìn-ín, tó tẹrí ba. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró bí òpó.

"Akọ̀wé," ni Ọ̀gá Àgbà wí, "kí ni mò ń wò yẹn?"

"Ẹ̀yìn ni, sà."

"Ẹ̀yìn ta ni?"

"Ti Ìyá Fèrè ni, sà. Ó lè jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ojú yín ló pọ̀ jù fún un."

Akọ̀wé sún mọ́ ọn, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jí ọmọ ọwọ́. "Màmá, Ọ̀gá Àgbà ló dé o."

"Ẹ kú àárọ̀, sà," ni Ìyá Fèrè wí, kò sì mi ọrùn. "Ẹ kúrò lórí irin, sà."

Ọ̀gá Àgbà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé lóòótọ́ ni bàtà rẹ̀ wà lórí irin. Inú tún bí i sí i. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì wá ohun mìíràn tí yóò bá wí. Ó nawọ́ sí àlàfo. "Kí lèyí?"

"Àyè tí irin fi ń mí ni, sà," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ dá a lóhùn. "Tí oòrùn bá mú, á gùn."

"Ta ló fún un láṣẹ?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo irin, wọ́n wo ara wọn.

"Mo bi yín. Irin ìjọba, tó jókòó sórí ilẹ̀ ìjọba, ló wá ń gùn fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí kò gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé àwàdà ni, ẹ dákẹ́: lọ́jọ́ kejì, wọ́n lẹ ìwé ìbáwí mọ́ irin náà lára, pẹ̀lú òǹtẹ̀ méjì, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ méje láti fèsì. Oòrùn mú. Irin gùn. Ìwé ya sí méjì.

Ìwé tí wọ́n kọ sí Ìyá Fèrè kò ya. Ẹ̀sùn inú rẹ̀ ni pé ó fi ẹ̀yìn kí aláṣẹ. Wọ́n yan Ìgbìmọ̀ Olùwádìí lórí Ọ̀ràn Ẹ̀yìn, àwọn àgbàlagbà méje tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó. Wọ́n pe Ìyá Fèrè wọlé, wọ́n bi í bóyá ó ń bínú sí Ọ̀gá Àgbà ni.

"Mi ò bínú, sà. Tí mo bá kọjú sí i, ta ló máa kọjú sí reluwé?"

"Reluwé kì í ṣe aláṣẹ," ni alága ìgbìmọ̀ wí.

"Òun ló máa ń pàṣẹ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, sà."

Ìdáhùn yìí ni wọ́n fi kọ ìwé ìkìlọ̀ kejì sí i. Òfin iṣẹ́ ni pé ìkẹta, ilé ni. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ gbé ìpinnu wọn jáde: láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí Ọ̀gá Àgbà. Kí ààbò má baà sì mẹ́hẹ, kí wọ́n ra dígí kan, kí wọ́n gbé e ka iwájú ẹni tó ń ṣọ́nà, kí ojú rẹ̀ wà lára Ọ̀gá Àgbà, kó sì máa ti inú dígí wo reluwé tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n ra dígí náà. Ó tó ilẹ̀kùn. Wọ́n kun igi etí rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà, wọ́n sì kọ oyè náà yí i ká, bẹ̀rẹ̀ láti òkè, sọ̀ kalẹ̀, títí tó fi dé ìsàlẹ̀ tí àyè kò gba "Mú" mọ́, tí wọ́n fi kọ ọ́ sẹ́yìn.

Ọjọ́ ńlá wá kò. Wọ́n fẹ́ ṣí Ilé-ẹ̀kọ́ Àtúntò Irin, tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gá Àgbà sọ, Mínísítà fún Ìrìnnà sì fẹ́ fi reluwé wá síbẹ̀. Ètò náà dára lórí bébà. Ní aago mẹ́wàá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á tú irin kan, wọn á tún un tò, wọn á dè é. Ní aago mọ́kànlá, reluwé Mínísítà á gba orí rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, gbogbo ayé á pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá ibùdókọ̀, àgbà ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fi ìwé ọ̀nà, ìyẹn ìwé àṣẹ láti tú irin, lé Ìyá Fèrè lọ́wọ́. "Ìyá, wákàtí kan ni mo fún yín. Tí ọkọ̀ yẹn bá ti kúrò ní ibùdókọ̀ kejì, mi ò ní ohun tí mo lè fi dá a dúró mọ́."

"Mo gbọ́, bàbá. Mo nílò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti dè é."

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, àsíá pupa tí òun fúnra rẹ̀ ti rì mọ́lẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán láti kìlọ̀ fún awakọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní pupa kò bá aṣọ Ọ̀gá Àgbà mu nínú àwòrán. Ìkòkò òdòdó ni wọ́n gbé síbẹ̀. Wọ́n ti kan pèpéle kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì iwájú wà láàárín irin, kí irin àti Ọ̀gá lè jọ hàn pọ̀. Igba àlejò ló jókòó níwájú rẹ̀, gbogbo wọn kọjú sí i, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí ibi tí reluwé yóò ti yọ. Ìyá Fèrè náà dúró bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé méjì tó wà ní fáìlì rẹ̀, ó sì ń ti inú dígí, tí wọ́n gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle lápá ẹ̀yìn, wo ọ̀nà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú bóótì, wọ́n gbé irin sókè. Ọ̀gá Àgbà gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mira. Èmi ni mo máa fọwọ́ ara mi yí sípánà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ojú ìwé mọ́kànlélógójì.

Ojú ìwé mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, kíkí ni. Ó kí àwọn tó wá, ó kí àwọn tí kò lè wá, ó kí ara rẹ̀ pé òun wá. Ní ojú ìwé kẹwàá, ó tajú kán rí igun ejìká ara rẹ̀ nínú dígí. Ó yẹ ara wò díẹ̀. Ó tẹ̀ sí Akọ̀wé, ó sọ nǹkan sí i létí. Akọ̀wé sáré sọ̀ kalẹ̀, òun àti ọkùnrin méjì gbé dígí náà yí padà, wọ́n gbé e síwájú pèpéle gan-an, kí Ọ̀gá lè máa rí bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ibi tí nǹkan dé. Nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, Ọ̀gá Àgbà nìkan ló dojú kọ ibi tí reluwé ti ń bọ̀, dígí ló sì dí i lójú. Ohun tí Ìyá Fèrè ń wò ni pákó ẹ̀yìn dígí, àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ síbẹ̀: Mú.

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó rọra sún mọ́ Akọ̀wé. "Akọ̀wé, aago mẹ́wàá ti kọjá ogójì ìṣẹ́jú."

"Ojú ìwé kẹrìndínlógún la wà, Ìyá. Ibi tó dùn jù ló ń bọ̀ yìí."

"Orí irin tí wọ́n ti tú làwọn ọmọ yìí wà."

"Ṣé kí n lọ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọ̀gá ni? Èmi tí mo ní ọmọ mẹ́ta nílé?"

"Ọmọ làwọn náà."

Akọ̀wé gbé aṣọ ìnujú kẹta, ó nu ojú. Ìyá Fèrè tẹ̀ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ máa dè é," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ mú sípánà. Sípánà dún kán. Ọ̀gá Àgbà gbójú sókè.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ń yí nǹkan níbẹ̀? Èmi ni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá tún mira, kó máa lọ sílé." Tẹ́ẹ́rẹ́ sọ sípánà kalẹ̀.

Kí a má purọ́, ẹ̀rù ba Ìyá Fèrè. Ìwé kẹta ni ó ń rò. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ṣọ́nà, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn tó lè ṣe kí irú Ọjọ́rú yẹn má baà tún ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ó dúró. Ó fi ẹsẹ̀ kan irin kejì, èyí tí wọn kò tú. Ìṣẹ́jú ń gorí ìṣẹ́jú. Ọ̀gá Àgbà ti dé ojú ìwé kẹrìnlélógún, ó ń sọ pé ààbò ni ìyá gbogbo iṣẹ́, ó sì ń wo bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń pe "ìyá" nínú dígí. Nígbà náà ni irin abẹ́ ẹsẹ̀ Ìyá Fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ìyá Fèrè kọ ẹ̀yìn sí Ọ̀gá Àgbà.

Gbogbo àlejò rí i. Ẹnì kan mí kanlẹ̀. Ọ̀gá Àgbà tajú kán rí ẹ̀yìn kan ní etí dígí, ó já ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "Obìnrin yìí," ló wí, "ìhín ni ojú mi wà."

Fèrè ló dá a lóhùn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò bèèrè ohunkóhun. Ohun tó ti kọ́ wọn láti ọjọ́ kìíní ni pé bí fèrè bá dún, ọ̀pá lọ sílẹ̀, ènìyàn bọ́ sí apá òsì, ìbéèrè di ọ̀la. Ọ̀pá mẹ́wàá lọ sílẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá bọ́ sí apá òsì. Ìyá Fèrè fa àsíá pupa kékeré tó ká sí abíyá rẹ̀ yọ, ó sì ń sáré lọ pàdé reluwé lórí òkúta wẹ́wẹ́, fèrè wà lẹ́nu rẹ̀, àsíá wà lókè. Ó ré ìkòkò òdòdó kọjá. Awakọ̀ rí pupa. Irin han, iná ta lábẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó ń bọ̀, ó ń rọra, ó rọra sí i, ó dúró. Ibi tó dúró sí kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí irin tí wọ́n tú.

Igba àlejò ti dìde, gbogbo wọn ti yíjú sí reluwé. Nígbà tí Ọ̀gá Àgbà yọ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, igba ẹ̀yìn ló rí.

Mínísítà sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Ó wo irin. Ó wo ẹsẹ̀ pèpéle tó wà láàárín rẹ̀. "Kí ló dé tí wọn kò tíì dè é?"

"Mínísítà ọlọ́lá jù lọ," ni Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀, "mo ṣì ń sọ̀rọ̀ ni."

"Ojú ìwé mélòó ló kù?"

"Mẹ́tàdínlógún péré, sà," ni Akọ̀wé wí.

Mínísítà nawọ́ gba ìwé náà. Ó ṣí i síbi tí ọwọ́ rẹ̀ bà, ojú ìwé kejìlélọ́gbọ̀n ni, ó sì kà á sókè: "Nítorí náà, mo pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹ́ lórí irin tí a ti tú ju àkókò tí a fún un lọ, bí ó ti wù kí ipò rẹ̀ ga tó." Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún un. "Ibi tó dára jù nìyí. Ó mà ṣe o, ẹ kò dé ibẹ̀."

Ó wá yíjú sí Ìyá Fèrè, tí èémí rẹ̀ kò tíì balẹ̀. "Ìyá, ṣé mo lè kọjá?"

"Ẹ dúró, sà. A kò tíì dè é."

Mínísítà dúró lórí òkúta wẹ́wẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú oòrùn, bí ẹni gbogbo. Òógùn yọ lójú rẹ̀. Kó tó gbọ́wọ́ sókè láti nù ún, aṣọ ìnujú kan ti dé ibẹ̀. Ẹ kò nílò kí a sọ ẹni tó mú un wá.

Bí wọ́n ṣe ń tú bóótì náà ni wọ́n ṣe tú Ọ̀gá Àgbà, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Lọ́jọ́ Ajé, akunlé wá, ó pa "Baba Gbogbo Òṣìṣẹ́" rẹ́ lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó pa "Alábòójútó" rẹ́. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, "Ọ̀gá" nìkan ló kù, ènìyàn sì ń kọjá níwájú rẹ̀ láìkí. Lọ́jọ́ Ẹtì, ilẹ̀kùn funfun báláú ni. Dígí náà, wọ́n gbé e lọ sí balùwẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, Tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fá irùngbọ̀n nínú rẹ̀. Mínísítà kọ̀wé ìlà kan ṣoṣo: ọkùnrin yìí kò gbọdọ̀ di ipò kankan mú lójú irin mọ́, àfi tó bá kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ Ìyá Fèrè.

Oṣù mẹ́ta ni ọkùnrin náà fi jókòó sílé tó ń retí kí wọ́n wá bẹ òun. Ní oṣù kẹrin, ó dé pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ tó fẹ̀ jù fún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Ojú Ìwé. Ó tú bóótì, ó dè é, ìka rẹ̀ bó, ó tún mú sípánà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kan án láti ṣọ́nà. Ìyá Fèrè bọ́ fèrè lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ ọ lọ́rùn.

"Kọ ẹ̀yìn sí wa," ló wí.

Ọkùnrin náà yíjú sí ọ̀nà. Ìyá Fèrè bẹ̀rẹ̀ lé irin láàárín àwọn ọmọ, ó sì di ọ̀pá mú. Wọn kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí ọkọ̀ mẹ́rin fi dé, fèrè wọn ń dún. Ọ̀gá Àgbà tuntun ló wá wo àwọn ọmọ rẹ̀. Akọ̀wé wà ní ìdajì ìṣísẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, aṣọ ìnujú mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ̀yìn ta nìyẹn?"

Akọ̀wé wò ó, ó tún un wò. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí, sà."

Ọwọ́ gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró lórí ọ̀pá. Ìyá Fèrè gbójú sókè láti ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí. Ó rí ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà tó gbéra díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò, bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ bẹ́rí. Ọwọ́ náà dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, sà," ni ọkùnrin náà wí, kò sì mi ọrùn. "Ẹ kúrò lórí irin."

Ìyá Fèrè wo ẹ̀yìn náà títí. Lẹ́yìn náà, ó tẹrí ba sórí irin, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìnlá, láìwo ọ̀nà, ó sì de bóótì tó kù.